Ẹjọ́ Omi Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Ìwòsàn Àìsàn Tí Ara Fi Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá inú ilé ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ó bá ìtàn tí a fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí mu rẹ́gí. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni bí àwọn oníṣègùn ṣe wá mọ̀ pé àwọn àìsàn kan wà tí kì í ṣe kòkòrò láti òde ni ó ń bá aláìsàn jà, bí kò ṣe àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àti bí wọ́n ṣe wá rí i pé omi ẹ̀jẹ̀ kan náà tí ó gbé àìsàn wá ni a tún lè fi wò ó.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ìdáhùn wa pín sí méjì. Èkíní ni pé èdè tí a kò bá fi ṣàlàyé ìmọ̀ ìgbàlódé kò ní pẹ́ tí yóò fi di èdè oríkì àti àlọ́ nìkan. Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé èdè wa kò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn kejì ni ó ká wa lára jù. Ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí a máa fara jọ ìwà ọ̀lẹ. Ọmọ tí ó ń kàwé ketekete ní òwúrọ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wá ń wálẹ̀ ní ọ̀sán. Tí ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀ bí ó bá ti ka ojú ìwé kan tán. Tí ọwọ́ tí ó nà sókè láti dáhùn ìbéèrè kò lè pẹ́ lókè: ta ni nínú àwa olùkọ́ tí kò ní pè é ní ọ̀lẹ? Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé aláìsàn ni. Fún ìgbà pípẹ́ ni a ti ń dá irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lẹ́bi kí a tó mọ ẹni tí ó jẹ̀bi gan-an. Ìtàn bí a ṣe mú ọ̀daràn náà, àti irú ẹ̀rí tí a fi mú un, ni a fẹ́ rò.

2. Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Lò

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dojú rú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ kan dúró fún. Bí Yorùbá bá ní “iṣan”, ó lè jẹ́ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni ó ń wí. Ó lè jẹ́ okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara. Ó sì lè jẹ́ ẹran tí ó ki ní apá alágbára. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a óò nílò níhìn-ín. Nítorí náà, a ó máa pe ti àkọ́kọ́ ní iṣan ẹ̀jẹ̀, a ó pe ti èkejì ní iṣan ọpọlọ, a ó sì pe ti ẹ̀kẹta ní ẹran ara.

Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, tí a fi oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó dì sí i, tí a sì gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, yóò pín sí méjì. Ohun pupa inú rẹ̀ yóò rogún sí ìsàlẹ̀, omi kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti omi ọsàn yóò sì wà lókè. Omi òkè yìí, tí ó ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ lọ, ni àwọn oníṣègùn ń pè ní plasma. Àwa yóò máa pè é ní omi ẹ̀jẹ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn èròjà tí ń dáàbò bo ara wà, èyí tí a ó pè ní ẹ̀ṣọ́ ara. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni láti dá àlejò burúkú mọ̀, kí ó lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì pe àwọn yòókù wá pa á. Àìsàn tí ẹ̀ṣọ́ fi ṣi onílé mú fún olè ni a ó pè ní àìsàn ara-ń-bá-ara-jà. Méjì nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni a ó sọ ìtàn wọn: myasthenia gravis àti àìsàn Guillain-Barré.

3. Àárẹ̀ Tí Kò Ní Orúkọ

Ní 1672, Thomas Willis, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan ní èdè Látìn. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ nípa obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń já gaara bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ ń pa pátápátá bí ó bá sọ ọ́ pẹ́, tí kì í sì í lè fọhùn mọ́ títí di wákàtí kan tàbí méjì. Ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn èyí kí ẹlòmíràn tó tún kọ ohun tí ó ṣe gúnmọ́ nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ní 1877, Samuel Wilks ní Lọ́ńdọ̀nù kọ nípa ọmọbìnrin kan tí àárẹ̀ mú débi pé kò lè rìn dáadáa, kò sì lè sọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò ni pé ọkàn rẹ̀ ló dàrú, pé kì í ṣe àìsàn ara. Lẹ́yìn náà ni èémí kọ̀ fún un, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, wọn kò rí àbùkù kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí. Àìsàn tí kò fi àpá sílẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí. Aláìsàn tí kò sì ní ẹlẹ́rìí, irọ́ ni ayé yóò pe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wilhelm Erb ní ilẹ̀ Jámánì ní 1879 àti Samuel Goldflam ní Warsaw ní 1893 tún ṣe àlàyé sí i. Ní 1895, Friedrich Jolly ní Berlin fi iná mànàmáná ta ẹran ara aláìsàn jí léraléra. Ó rí i pé agbára ẹran ara náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá sinmi, agbára náà a padà. Òun ni ó fún un ní orúkọ myasthenia gravis, èyí tí ó túmọ̀ sí àárẹ̀ ẹran ara tí ó lágbára. Báyìí ni àárẹ̀ ṣe di ohun tí a lè fi ojú rí, tí a sì lè wọ̀n.

4. Ẹ̀wà Láti Kàlàbá

Oògùn pàtàkì kan tí ó ran àwọn aláìsàn wọ̀nyí lọ́wọ́ ní orírun ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní agbègbè Kàlàbá, àwọn Ẹ́fíìkì ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n máa ń fún jẹ. Bí ó bá bì í, tí ó sì yè, wọ́n dá a láre. Bí ó bá kú, wọ́n gbà pé ó jẹ̀bi. William Daniell ròyìn ẹ̀wà yìí fún àwọn onímọ̀ ní Edinburgh ní 1846. Ní 1855, Robert Christison, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, àárẹ̀ sì mú un gidigidi. Ní 1864, Jobst àti Hesse ní ilẹ̀ Jámánì yọ èròjà tí ó lágbára nínú rẹ̀, wọ́n sì pè é ní physostigmine.

Ní 1934, dókítà obìnrin kan, Mary Walker, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Alfege ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù. Derek Denny-Brown tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa àìsàn iṣan ọpọlọ sọ fún un pé àìsàn obìnrin kan tí ó ń tọ́jú fara jọ ohun tí oró curare máa ń ṣe fún ènìyàn, ìyẹn oró tí àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà fi ń pa ọfà wọn. Walker rò ó pé bí ó bá jẹ́ pé bí oró curare ni àìsàn yìí ṣe ń ṣe, ohun tí ń pa agbára curare ni ó yẹ kí ó ràn án lọ́wọ́. Physostigmine ni ohun náà. Ó gún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ìpéǹpéjú tí ó ti wálẹ̀ sì gbéra sókè, apá gba agbára, ẹnu sì rọrùn fún un láti fi gbé oúnjẹ mì. Ó kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ìwé ìròyìn Lancet ní ọdún kan náà. Ẹ̀wà tí a fi ń dá ènìyàn lẹ́bi ní Kàlàbá wá di ohun tí ó ń gbè aláìsàn lẹ́yìn.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí apá gbéra, ó máa ń ránṣẹ́ gba inú iṣan ọpọlọ. Ṣùgbọ́n iṣan ọpọlọ kò kan ẹran ara. Àlàfo tóóró kan wà láàárín wọn. Ní etí àlàfo yìí ni iṣan ọpọlọ ti ń tú ìránṣẹ́ kan jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ acetylcholine. Ìránṣẹ́ yìí yóò sọdá, yóò kan ilẹ̀kùn tí ó wà lára ẹran ara, ẹran ara yóò sì gbọ́ àṣẹ. Agbálẹ̀ kan wà nínú àlàfo náà tí ó máa ń gbá ìránṣẹ́ kúrò ní kíákíá kí ó má bàa kan ilẹ̀kùn ju bí ó ti yẹ lọ. Iṣẹ́ physostigmine ni láti dá agbálẹ̀ dúró, kí ìránṣẹ́ lè pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Oògùn yìí dára, irú rẹ̀ ni a sì ń lò títí di òní. Àmọ́ bí agbára rẹ̀ bá ti tán lára, àárẹ̀ a padà. Ìránṣẹ́ ni ó ń ràn lọ́wọ́. Kò mú ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn.

5. Ta Ni Ó Ń Ti Ilẹ̀kùn?

Ní 1960, John Simpson ní Glasgow kó ohun tí àwọn oníṣègùn ti ṣàkíyèsí jọ. Ó rí i pé ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn egungun àyà, tí à ń pè ní thymus, kì í sábà dára nínú àwọn aláìsàn yìí. Alfred Blalock ti yọ ọ́ fún aláìsàn kan ní Nashville ní Amẹ́ríkà ní 1936, ara rẹ̀ sì yá. Ó tún rí i pé àwọn ọmọ kan tí ìyá wọn ní àìsàn yìí máa ń bí pẹ̀lú àárẹ̀: wọn kì í lè mu ọmú dáadáa, igbe wọn kì í sì í ròkè. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àárẹ̀ náà a lọ fúnra rẹ̀, kì í sì í padà.

Kí ni ọmọ gbà láti ara ìyá, tí ó sì tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀? Bí ó bá jẹ́ àìsàn tí a jogún ni, kì bá tí lọ. Ohun tí ó máa ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá bọ́ sí ara ọmọ inú, tí ó sì máa ń tán díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ni ẹ̀ṣọ́ ara. Simpson sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ara ni ó ń dí ilẹ̀kùn. Ìfura ni èyí, kì í ṣe ẹ̀rí. Ọdún 13 kọjá kí ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó dé.

Nígbà tí ó dé, ọ̀nà àìròtẹ́lẹ̀ ni ó gbà. Ẹja kan wà nínú àwọn odò Gúúsù Amẹ́ríkà tí iná inú ara rẹ̀ lágbára ju ti ẹja òjìjí tí àwọn apẹja wa mọ̀ lọ. Ibi tí iná náà ti ń jáde kún fọ́fọ́ fún irú ilẹ̀kùn tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Jim Patrick àti Jon Lindstrom ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Salk ní California yọ àwọn ilẹ̀kùn yìí, wọ́n sì fi gún ehoro ní abẹ́rẹ́, kí ehoro lè ṣe ẹ̀ṣọ́ tí wọn yóò lò fún ìwádìí. Wọn kò wá àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n àwọn ehoro náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, orí wọn kò gbé nílẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní irú oògùn tí Walker lò, wọ́n dìde fún ìgbà díẹ̀. Ní 1973 ni wọ́n gbé ìròyìn náà jáde.

Ní 1975, Toyka, Drachman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Johns Hopkins ní Baltimore gba ẹ̀ṣọ́ ara láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó ní àìsàn náà, wọ́n sì fi gún eku lójoojúmọ́. Àìsàn aláìsàn ràn mọ́ eku láìsí kòkòrò kankan. Ní 1976, Lindstrom fi hàn pé ẹ̀ṣọ́ tí ń dí ilẹ̀kùn yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ èyí tí ó ju 80 lọ nínú 100 aláìsàn.

Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni ó kù. A ti mọ̀ pé bí a bá fi í sínú ara, àìsàn a dé. Bí a bá yọ ọ́ kúrò ńkọ́?

6. Yíyọ Omi Ẹ̀jẹ̀

Láti dáhùn ìbéèrè yìí, a ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1914, ní Johns Hopkins kan náà, John Jacob Abel àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Rowntree àti Turner, gba ẹ̀jẹ̀ lára ajá, wọ́n ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì dá ohun pupa inú rẹ̀ padà sára ajá náà. Wọ́n ṣe é léraléra, ajá kò sì kú. Wọ́n fún iṣẹ́ yìí ní orúkọ, plasmapheresis, èyí tí ó túmọ̀ sí mímú omi ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọ̀nà ti là, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó mọ àìsàn tí ó yẹ kí ó gba ibẹ̀.

Ní 1960, Schwab àti Fahey ní Amẹ́ríkà lò ó fún àwọn aláìsàn tí omi ẹ̀jẹ̀ wọn ki jù. Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà yára ni ẹ̀rọ tí George Judson ṣe. Kì í ṣe oníṣègùn. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni ní ilé-iṣẹ́ IBM. Ọmọ rẹ̀ ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Emil Freireich, dókítà ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ẹ̀rọ kan ní àárín àwọn ọdún 1960 tí ń fi ẹ̀jẹ̀ pòòyì kíkankíkan títí tí yóò fi pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń jáde lára, tí ó sì ń padà síbẹ̀ láìdúró.

Ní 1976, Pinching, Peters àti Newsom-Davis ní Lọ́ńdọ̀nù so okùn méjì yìí pọ̀. Wọ́n gba omi ẹ̀jẹ̀ kúrò lára àwọn aláìsàn myasthenia gravis, wọ́n sì fi omi mìíràn tí kò ní ẹ̀ṣọ́ búburú rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, agbára padà sára wọn. Àyẹ̀wò tí Newsom-Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1978 fi hàn pé bí ẹ̀ṣọ́ náà bá ti ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń pọ̀ sí i. Bí ẹ̀ṣọ́ bá sì tún ń pọ̀ sí i, àárẹ̀ a máa padà bọ̀.

Báyìí ni ẹjọ́ ṣe parí. A fi í sínú ara, àìsàn dé. A yọ ọ́ kúrò, àìsàn lọ. Ó padà, àìsàn padà. Ẹ ò rí i pé ìwòsàn yìí kì í ṣe oògùn lásán, ẹ̀rí ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: kì í pa orísun àìsàn náà. Ara a tún máa ṣe ẹ̀ṣọ́ mìíràn, nítorí náà ni a fi ń lo oògùn tí ń pẹ̀rọ̀ sí ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí ó wúlò jù ni ìgbà tí èémí aláìsàn bá fẹ́ kọ̀, tí kò sì sí àyè láti dúró de oògùn tí ń rìn jẹ́jẹ́.

7. Guillain-Barré: Nígbà Tí Ojú Nìkan Kò Tó Ẹlẹ́rìí

Ti àìsàn kejì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Guillain, Barré àti Strohl, oníṣègùn ọmọ ogun Faransé, ròyìn nípa ọmọ ogun méjì tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn rọ, tí ara wọn sì tún yá lẹ́yìn náà. Landry ti kọ nípa irú rẹ̀ ní 1859. Nínú àìsàn yìí, awọ tí ó bo iṣan ọpọlọ ni ẹ̀ṣọ́ ara sábà máa ń kọjú ìjà sí, nígbà púpọ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìsàn mìíràn tí ó ti lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Àárẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, a sì máa gòkè. Bí ó bá dé àyà, aláìsàn kò ní lè mí àfi pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Ní 1978, Brettle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi yíyọ omi ẹ̀jẹ̀ tọ́jú ẹni tí ó ní i, ara rẹ̀ sì yá. Ṣé ó parí nìyẹn? Rárá o. Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ, ara àwọn ọmọ ogun méjì ti 1916 yá láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ omi ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí àìsàn kan bá máa ń lọ fúnra rẹ̀, ta ni ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn òun ni ó wò ó? Àkùkọ tí ó kọ ní ìdájí kọ́ ni ó mú kí ilẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ̀ ni kí a kó ọ̀pọ̀ aláìsàn jọ, kí a ṣẹ́ gègé láàárín wọn, kí àwọn kan gba ìwòsàn náà, kí àwọn yòókù gba ìtọ́jú tí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí a wá fi wọ́n wéra. Wọ́n ṣe irú èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1984 fún aláìsàn 29, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ tí ó ṣe é gbára lé. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, ìwòsàn náà ì bá ti di ohun ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ènìyàn 29 kéré jù láti fi dájọ́. Ní 1985, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé àbájáde ti aláìsàn 245 jáde. Ọjọ́ 53 ni ó gba ìdajì àwọn tí a yọ omi ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó lè dá rìn. Ọjọ́ 85 ni ó gba ìdajì àwọn yòókù. Ní 1987, àwọn Faransé fi aláìsàn 220 jẹ́rìí sí i.

Oṣù kan ni ìyàtọ̀ náà. Fún ẹni tí ó wà lórí ibùsùn tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, oṣù kan kì í ṣe kékeré.

8. Omi Ẹ̀jẹ̀ Ẹlòmíràn

Títí dé ibí yìí, ìtàn yíyọ ni a ń sọ. Ìtàn fífi-sí náà wà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Edwin Cohn ní Harvard wá ọ̀nà tí a lè fi ọtí líle àti òtútù ya èròjà inú omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Albumin tí ó rí níbẹ̀ ni wọ́n lò fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́, òun kan náà ni a sì wá ń lò láti rọ́pò omi ẹ̀jẹ̀ tí a bá yọ kúrò. Apá kejì tí ó rí ni àpapọ̀ ẹ̀ṣọ́ ara. Ní 1952, Ogden Bruton fi í tọ́jú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí ara rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣọ́ rárá.

Ní 1981, Paul Imbach ní Bern ní ilẹ̀ Switzerland ròyìn ohun ìyanu kan. Ó fa ẹ̀ṣọ́ ara tí a kó jọ láti ara ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí ẹ̀ṣọ́ ara wọn ń ba èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jẹ́. Dípò kí ìjà le sí i, ńṣe ni ó rọlẹ̀. Láti 1984 ni àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Faransé àti Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún myasthenia gravis. Ní 1992, àwọn ará Netherlands fi í wé yíyọ omi ẹ̀jẹ̀ nínú aláìsàn Guillain-Barré 150, ó sì ṣe dáadáa. Ní 1997, àyẹ̀wò tí ó kárí orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí àgbàlagbà 383 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ọgbọọgba ni ọ̀nà méjèèjì, àti pé bí a bá ṣe méjèèjì pọ̀, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan.

Báwo ni fífi ẹ̀ṣọ́ kún ẹ̀ṣọ́ ṣe ń pẹ̀tù sí ìjà? Ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ara ní ibi tí ó ti ń gba ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ikú, kí ó lè lo ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta nínú ẹ̀jẹ̀. Bí àlejò bá kún ibẹ̀, onílé búburú kò ní rí àyè wọ̀, yóò sì tètè parẹ́. Ní December 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan fún myasthenia gravis, efgartigimod, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí ibi náà gan-an.

Kò yẹ kí a gbàgbé ibi tí oògùn ẹ̀ṣọ́ ara ti ń wá. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè fi kẹ́míkà lásán ṣe é. Omi ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a ń pò pọ̀ fún ìṣù kan, Amẹ́ríkà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ ti ń wá, níbi tí a ti ń san owó fún àwọn tí ó bá fi tiwọn sílẹ̀. Ewu wà nínú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀: ní 1993 sí 1994, àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní C gba inú oògùn yìí ran àwọn aláìsàn kan. Láti ìgbà náà ni a ti fi kún ọ̀nà tí a ń gbà pa kòkòrò inú rẹ̀.

9. Ìkádìí

Ìtàn yìí kò tíì tán, pàápàá fún irú àwa. Ẹ̀rọ tí ń ya omi ẹ̀jẹ̀ wọ́n, oògùn ẹ̀ṣọ́ ara sì wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Ṣùgbọ́n ní 2018, àwọn oníṣègùn ní Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, gbé ìròyìn kan jáde tí ó yẹ kí a mọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ lára aláìsàn Guillain-Barré 20 sínú àpò, wọ́n gbé àpò náà kọ́ títí ohun pupa fi rogún, wọ́n da omi òkè nù, wọ́n sì dá ìyókù padà. Wọn kò lo ẹ̀rọ kankan. Wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe láìsí ewu ńlá. Aláìsàn 20 kò tó láti fi mọ̀ bóyá ó ń wò ó sàn, ẹ̀kọ́ 1984 sì ti kọ́ wa pé kí a má ṣe yára dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ọ̀nà náà ti fara jọ ohun tí Abel fi ajá ṣe ní 1914.

Kí ni a rí kọ́? Àkọ́kọ́, kò sí ẹnìkan tí ó dá ọ̀ràn yìí yanjú. Ará Kàlàbá tí ó mọ agbára ẹ̀wà, dókítà obìnrin ní Greenwich, ẹja Gúúsù Amẹ́ríkà, bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbà kí a ṣẹ́ gègé lé wọn lórí, gbogbo wọn ni wọ́n jọ rò ó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Èkejì, ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, ẹ̀rí ẹyọ kan kò sì tó. Àwa tí a ń ṣe olùyẹ̀wò, tí a sì máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó fi àpẹẹrẹ gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, a kò lè rí àpẹẹrẹ tí ó dára ju èyí lọ fún àròkọ alárìíyànjiyàn.

Ẹ̀kẹta ni ti ọmọ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbà tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún láti ìgbà Willis kí ayé tó mọ ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn. Àwa kò ní ìdí láti dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí a bá rí ọmọ tí agbára rẹ̀ ń dín kù bí ọjọ́ ti ń lọ, tí ojú rẹ̀ ń wálẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń pa, tí ìsinmi sì ń dá a padà bọ̀ sípò, kí a tó na pàṣán, kí a tó kọ “ọ̀lẹ ni” sínú ìwé àbájáde rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀, kí a sì sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí nǹkan, a kò pàdánù ohunkóhun. Bí ó bá sì wà, a ti dá aláìṣẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.